Ìpè Inú Yàrá Tíṣà Àgbà

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ló gbé àkàbà, ọwọ́ mi yìí náà ló de nọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó lọ sí ìlú Ìyìn, kó jókòó ti Màmá, kó wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kó padà wá pè mí ní òpùrọ́.

Iṣẹ́ lébìrà ni mo ń ṣe ní Adó. Mo ń wa ilẹ̀, mo ń po sìmẹ́ńtì, mo ń gun òrùlé. Ní ìparí ọdún 1998, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mo ń tẹ̀ lé Ẹnjiníà Ayọ̀túndé kiri. Ó ń bá àwọn ènìyàn fi tẹlifóònù tuntun kan sílé, èyí tí kì í gba wáyà láti orí òpó ìta. Áńtẹ́nà la máa ń gbé sórí òrùlé. Ó gbọ́dọ̀ kọjú sí òpó gíga kan tó wà lórí òkè lọ́nà Ìkẹ́rẹ́. Wáyà á ti òrùlé wọ pálọ̀, á bọ́ sínú àpótí kékeré kan tó ní iná wínníwínní lójú. Láti inú àpótí yẹn ni wáyà á tún ti máa lọ sí yàrá tó bá wu onílé. Bí ẹnì kan bá pè, gbogbo yàrá ni yóò dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹnjiníà á dúró ti àpótí, á máa wo iná. Èmi á wà lókè, màá máa yí òpó áńtẹ́nà díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè rí i, òun náà ò lè rí mi. Ohùn la fi ń ṣiṣẹ́. Á ní, "Yí i sọ́tùn-ún." Màá yí i. Á ní, "Ó ti kọjá, dá a padà." Màá dá a padà. Bí iná bá ti tàn dáadáa, á kígbe pé, "Fi síbẹ̀!" Nígbà yẹn ni màá de nọ́ọ̀tì pinpin. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń dúró dè. Ẹni tó bá ti sọ ọ́, mo ti gbà fún un.

Ilé tí mò ń wí yìí wà ní Adébáyọ̀, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì. Bàbá Adébíyìí ló kọ́ ọ, ẹni tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà Àgbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti kú nígbà tí a débẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Ọládipúpọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ló ń gbé ilé náà pẹ̀lú Fúnkẹ́mi ìyàwó rẹ̀. Màmá, opó Tíṣà Àgbà, wà pẹ̀lú wọn.

Ọládipúpọ̀ kò kí wa.

"Ẹ ti pẹ́," ó ní.

"Ọkọ̀ ló dá wa dúró ní Fájuyì, ọ̀gá."

"Mi ò bi yín ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ bọ́ bàtà yín síta." Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ìwọ lébìrà, má tilẹ̀ wọlé rárá. Orí òrùlé ni tìẹ."

Fúnkẹ́mi rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. "Ẹ rọra tẹ páànù wa o. Bó bá fi jò, ilé yín la ó wá sùn sí lásìkò òjò."

Mo ti mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Èèyàn á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á lọ.

Màmá wà lẹ́yìnkùlé, ó jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Obìnrin kékeré ni, irun rẹ̀ funfun báláú. Òun nìkan ló kí wa.

"Ẹ kú uṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé é, Màmá."

Ọládipúpọ̀ ń fi ọwọ́ júwe fún Ẹnjiníà. "Ọ̀kan ní pálọ̀. Ọ̀kan ní yàrá wa. Ọ̀kan ní yàrá Bàbá."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí atẹ.

"Dípọ̀," ó ní. "Má gbé e sínú yàrá ẹn."

"Màmá, mo fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ọ́fíìsì."

"Gbé e sí kíṣìnnì. Gbé e sórí ibùsùn mi bó bá wù ọ́. Má gbé e sínú yàrá ẹn."

"Kí ló dé?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," Fúnkẹ́mi ní. "Kí ni Màmá fẹ́ nínú ilé yìí rí? Fíríìjì tí a rà, wọ́n bá a ṣọ̀tá. Fáànù, wọ́n bá a ṣọ̀tá. Ó wá kan tẹlifóònù."

Ọládipúpọ̀ fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ lápò, ó lọ ṣí yàrá náà. Láti ìta ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn káńfọ̀ ni, àti ti ìwé àtijọ́, àti ohun kan bí òógùn ara. Mo na ọrùn wo inú ibẹ̀. Àga onígi kan. Tábìlì. Pàṣán kan lórí ìṣó lára ògiri. Agogo ilé ìwé lórí tábìlì, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ mì. Wọn ò gbé ohunkóhun kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tó ti kú. Eruku wà lórí gbogbo rẹ̀, àfi lórí àga.

Nígbà tí mo lọ gbé àkàbà lẹ́yìnkùlé, Màmá fi ọwọ́ pè mí.

"Ọmọ mi, súnmọ́ mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"O rí agogo ẹn?"

"Mo rí i, Màmá."

"Èmi ni ọkọ mi ń fi í pè. Bó bá ti mì ín, mo gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kó tó dákẹ́. Bí mo bá ń fún ọmọ lọ́mú, màá já ọmú lẹ́nu rẹ̀. Màá kó ọwọ́ sẹ́yìn, màá ní, 'Sà.' Bí mi ò bá tètè dé..." Ó na apá òsì rẹ̀ kí n rí i. Apá náà ti ṣẹ́ rí, kò sì tò dáadáa. "Àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Wọ́n ní bàbá àwọn ò fẹ́ ìwà ọ̀lẹ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde ni mo ti sinmi. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí gbà láyé nìyí: kò sẹ́ni tó ń pè mí láti inú yàrá ẹn mọ́. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi, Màmá."

"Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan dún níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n kí ni lébìrà fẹ́ sọ? Mo gbé àkàbà mi, mo gun òkè.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn funfun nínú ọyẹ́, kò sì gbóná. Mo dúró lórí páànù, lókè yàrá Tíṣà Àgbà, mo di òpó áńtẹ́nà mú. Láti ibẹ̀ mo ń rí òrùlé àwọn ṣọ́ọ̀bù àti orí àwọn tó ń lọ ní títì. Ẹ̀rọ ìlọta kan ń dún nítòsí.

"Sọ́tùn-ún!" Ẹnjiníà kígbe láti pálọ̀.

Mo yí i.

"Díẹ̀ sí i!"

Mo tún yí i.

"Ó ti kọjá! Dá a padà, ẹ̀gbọ́n!"

Mo dá a padà. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo dúró. Ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́. Ariwo títì náà lọ sílẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan pa ilẹ̀kùn dé. Mi ò gbọ́ ẹyẹ kan. Mo ń yí òpó náà lọ díẹ̀díẹ̀, mò ń retí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá láti abẹ́ orúnkún mi.

"Fi síbẹ̀."

Ohùn àgbà ọkùnrin ni. Kò kígbe. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò pariwo rí kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀.

"Má yí i mọ́."

Mo rò pé Ọládipúpọ̀ ni. "Mo ti fi síbẹ̀, sà," mo dáhùn. Mo fa sípánà yọ, mo de nọ́ọ̀tì náà títí ọwọ́ fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìlọta tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Ẹnjiníà yọjú láti fèrèsé pálọ̀. Ojú rẹ̀ le.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe nílẹ̀? Mi ò tíì rí iná kan ṣoṣo. Mò ń pè yín láti ìgbà yìí, ẹ ò dáhùn."

"Wọ́n ní kí n fi síbẹ̀."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo iná ojú àpótí náà ti tàn. Ó jáde, ó gbójú sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Áńtẹ́nà ti ṣí kúrò lọ́nà Ìkẹ́rẹ́. Apá Ìjàn ló kọjú sí.

"Kí ló wà lápá ibẹ̀ yẹn?" ó ní. "Igbó ni. Àpáta ni. Kò sí òpó kankan níbẹ̀."

"Ẹni tó wà nínú yàrá ló ní kí n fi síbẹ̀."

"Yàrá wo?"

Mo nawọ́ sí yàrá Tíṣà Àgbà.

Fúnkẹ́mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Lébìrà ti mu ẹmu kó tó wá gun òrùlé mi!"

Ẹnu géètì ni Ọládipúpọ̀ wà ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀ láti ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti tì í pa láti ìgbà tí Ẹnjiníà ti fa wáyà síbẹ̀ tán. Ó ṣí i, kí gbogbo wa lè wo ibẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Fèrèsé wà ní títì, aláǹtakùn ti ta sí i. Tẹlifóònù tuntun náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo.

Ó yíjú sí mi. "Bó o bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa yàrá bàbá mi, màá gbá ọ létí."

Nígbà yẹn ló dún.

Kò sí ẹni tó mọ nọ́ńbà náà. Ẹnjiníà kò tíì sọ ọ́ fún àwọn tó ni ilé pàápàá. Ti pálọ̀ dákẹ́. Ti yàrá wọn dákẹ́. Ti yàrá Tíṣà Àgbà nìkan ló ń dún.

Mo gbọ́ tí atẹ bọ́ lulẹ̀. Ẹ̀wà fọ́n káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Mi ò mọ̀ pé àgbàlagbà lè sáré bẹ́ẹ̀. Màmá kọjá láàárín wa, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó dúró gbọnrangandan. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó tẹ orí ba. Ẹnu rẹ̀ ti là.

Lẹ́yìn náà ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó rí i pé òun tẹ ejò mọ́lẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Ọládipúpọ̀ gbé tẹlifóònù náà. "Hẹ́lò? Hẹ́lò! Ta nìyẹn?" Ó dúró. Ó gbé e kalẹ̀. "Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń mí ni."

Ó tún dún.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e," Fúnkẹ́mi ní. "Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá wèrè sọ̀rọ̀. Hẹ́lò!"

A ń wò ó. Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó ní kí n pe Àmọ̀kẹ́."

"Ta ló ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́?"

"Ṣé èmi ni mo mọ̀ ni? Ó ní, 'Pe Àmọ̀kẹ́ wá. Kí ló ń dá a dúró?'"

"Nọ́ńbà ni wọ́n ṣì," Ọládipúpọ̀ ní.

Àwọn méjèèjì kò wo Màmá. Èmi wò ó. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ó padà sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Mo bá a ṣa á. Tẹlifóònù náà ń dún nínú ilé. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, á tún dún.

"Oríkì mi ni," ó sọ fún mi lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìyá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ikú ìyá mi, ẹnì kan ló kù tó ń fi í pè mí. Ìgbà tó bá fẹ́ nà mí ló máa ń pè é."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, Màmá?"

"N ó dákẹ́. Bí ohun tí o kò rí bá pè ọ́, má jẹ́ ẹ. Má bi í pé ta ni. Má bú u. Má tilẹ̀ sọ fún un pé o ò jẹ́. Bó o bá ti lanu sí i, ìbáà jẹ́ èébú lo sọ, ohùn rẹ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn kí tẹlifóònù tó dé."

Mo rántí ohun tí mo sọ lórí òrùlé. Mi ò sọ ọ́ fún un.

Ẹnjiníà ti fa wáyà yàrá náà yọ kúrò lára àpótí. Ó jáde wá pẹ̀lú ẹnu wáyà náà lọ́wọ́, ó gbé e sókè bí ẹni tó ń fi ẹ̀rí hàn ní kóòtù.

"Òun nìyí," ó ní. "Òun nìyí lọ́wọ́ mi o."

Tẹlifóònù ń dún.

"Ẹ tún un ṣe!" Ọládipúpọ̀ ń pariwo. Ó ti lọ fi ágádágodo sí géètì. "Ẹ ò ní kúrò níbí. Ẹ̀yin lẹ gbé e wá, ẹ̀yin lẹ ó pa á lẹ́nu mọ́. Olè ni yín!"

"Ọ̀gá, kì í ṣe..."

"Mo ní ẹ tún un ṣe!"

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo tún gun òkè. Ẹnjiníà ní kí n yí áńtẹ́nà náà padà sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, bóyá yóò jáwọ́. Nọ́ọ̀tì tí mo fi ọwọ́ ara mi dè kò fẹ́ tú. Mo fi gbogbo ara tẹ sípánà náà.

Ìpè náà dákẹ́ lábẹ́ mi.

"Ilésanmí."

Kò sí ẹni tó pe orúkọ mi nínú ilé yẹn láti àárọ̀. Lébìrà ni wọ́n ń pè mí.

"Ilésanmí. Mo ní má yí i mọ́."

Mo ti ahọ́n mi mọ́ eyín. Mi ò jẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀tì tú. Mo yí òpó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo gbọ́ tí Ẹnjiníà kígbe láti pálọ̀ pé gbogbo iná àpótí ti kú. Ó ní òun ti fà á kúrò lára iná Nẹ́pà pẹ̀lú. Àpótí náà ti kú pátápátá.

Nínú yàrá, tẹlifóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ń dún kíkankíkan báyìí, kò fi àyè sílẹ̀ láàárín, bí ìgbà tí ẹni tó ń bínú bá ń mi agogo.

Gbogbo wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fúnkẹ́mi di etí.

"Àwọn ni wọ́n ń pè!" ó kígbe, ó nawọ́ sí Màmá. "Ẹ wo ojú wọn! Wọ́n mọ ẹni tó ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́!"

Ọládipúpọ̀ wo ìyá rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Màmá tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá náà.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin ni? Ẹ lọ gbé e. Ó ti sú wa. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́."

"Mi ò lọ."

"Bó bá jẹ́ Bàbá ló fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ńkọ́?" Fúnkẹ́mi ní. Ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọkọ yín ń pè yín, ẹ ń ṣe agídí. Ṣé báyìí lẹ ṣe nígbà tí wọ́n wà láyé?"

"Fúnkẹ́, dákẹ́," Ọládipúpọ̀ ní. Lẹ́yìn náà ó di apá ìyá rẹ̀ mú, apá òsì yẹn gan-an, ó ń fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ lọ gbé e. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́, ẹ sọ fún un lẹ́nu ara yín pé ẹ ò fẹ́. Àbí kí la fẹ́ máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́?"

"Màmá," mo ní. "Ẹ má ṣe é."

"Ìwọ lébìrà, ta ló pè ọ́ sí i?"

Màmá wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lára apá rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Mo rí ìbínú bó ṣe ń gun ojú rẹ̀ bọ̀, ìbínú tí kò lo rí láyé rẹ̀. Ó já apá rẹ̀ gbà. Ó wọ inú yàrá náà fúnra rẹ̀. Kò kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó gbé tẹlifóònù náà, ó dì í mọ́ ẹnu.

"Mi ò jẹ́ ẹ," ó ní. Ohùn rẹ̀ le, ó mọ́ gaara, kò gbọ̀n. "Nígbà tó o wà láyé, mo jẹ́ ẹ títí apá mi fi ṣẹ́. Mi ò jẹ́ ẹ mọ́. Pè mí títí di ọ̀la. Mi ò jẹ́ ẹ mọ́ láéláé."

Ó gbé e kalẹ̀.

Ilé náà dákẹ́ wọ̀ọ̀.

A dúró, à ń retí. Kò dún mọ́. Màmá jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọge. Ó gba àárín wa kọjá, ó lọ jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ọládipúpọ̀ kò lè wò ó lójú. Ó lọ ṣí géètì. Èmi àti Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ wa. Mo wà níwájú Màmá, mo súnmọ́ ọn tó ẹni tó fẹ́ na oúnjẹ sí i lọ́wọ́, mò ń ká wáyà.

"Sà," ohùn kan ní láti inú yàrá.

Gbogbo wa dúró.

"Mò ń bọ̀, sà. Ẹ má bínú. Mò ń bọ̀."

Ohùn Màmá ni.

Mò ń wo Màmá. Ètè rẹ̀ pa dé. Ó gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́, ó fi kan ọ̀fun rẹ̀. Ó la ẹnu. Mo rí ahọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó le. Kò sí nǹkan kan tó jáde, èémí lásán ni.

Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ọ̀fun rẹ̀ kò ní àbùkù. Wọ́n gbé e lọ sí ilé Aládùúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n fi omi wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ obìnrin wá mú un lọ sí Ìyìn. Ọládipúpọ̀ tú áńtẹ́nà náà lulẹ̀, ó fọ́ àpótí, ó sì ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn. Mi ò lọ. Ẹlòmíràn ló dí i. Èmi náà kì í dáhùn mọ́ bí ẹnì kan bá pè mí láti ẹ̀yìn. Màá yíjú wò ó ná.

Àmọ́ nọ́ńbà náà wà síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni tẹlifóònù náà ní àwọn ti pa á. Ẹnjiníà ò lè jáwọ́. Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Fájuyì tí wọ́n ti ń pe tẹlifóònù, á pè é. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pè é mọ́. Ó ní nígbà míì kì í wọlé. Nígbà míì, kí òun tó sọ̀rọ̀, ìyá àgbà kan á ti ní, "Sà?" Òun á sì gbé e kalẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, mo gba iṣẹ́ ògiri kan ní Ìyìn, mo yà lọ kí Màmá lọ́sàn-án. Ara rẹ̀ le. Ó sanra díẹ̀. Ó yọ̀ mọ́ mi, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n jókòó. Àbúrò rẹ̀ bu ìyán fún mi, ó lọ sí oko. Nígbà tí mo jẹun tán, Màmá fa aṣọ mi. Ó nawọ́ sí apá Adó. Ó fi ìka kan etí rẹ̀, ó sì wò mí.

Mo mọ ohun tó ń bi mí.

"Wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀, Màmá," mo ní. "Wọ́n ti dí yàrá pa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Ó wo ẹnu mi títí. Mi ò mọ irọ́ pa. Omi dà lójú rẹ̀, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó la ẹnu gbàgà, ó ń sunkún bí ọmọdé, ẹkún àsun-ùn-dabọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan. Adìyẹ kan ń ha ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìró èékánná rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo padà sí Adó. Ẹnjiníà ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Kò jẹ́ kí n bọ́ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, mo pè é lónìí."

"Nígbà wo?"

"Lọ́sàn-án. Ìyá àgbà yẹn kò sọ pé 'Sà' lónìí. Ẹkún ló ń sun. Ẹkún bí ọmọdé. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí."

Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ tòun ti bàtà.

"Lẹ́yìn náà ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀," ó ní. "Kò pariwo. Ó ní, 'Àmọ̀kẹ́. Ta ló ní kí o sunkún?'"